Ápù, Ọsàn àti Àgbálùmọ̀: Àlàyé lórí Àfiwé Tí Kò Gún àti Ìlò Rẹ̀ ní Àríwá Èkìtì

Ìfáàrà

Àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè máa ń bá pàdé léraléra nínú ìwé, nínú fíìmù àti nínú àríyànjiyàn: pé ẹnì kan ń fi ápù wé ọsàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ni a ń bá wí pé ó gbé ohun méjì tí wọn kì í ṣe irú kan náà sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ó sì ń fi èyí dá ọ̀kan nínú wọn lẹ́bi. Ohun tí ó le ni bí a ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn náà yóò tọ̀nà ní gírámà, ṣùgbọ́n kò ní ta ẹnikẹ́ni lára. Àgbà tí ó bá jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó lè béèrè pé kí ni ó burú nínú fífi èso wé èso. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àìgbọ́n. Òun gan-an ni ìbéèrè tí àkànlò-èdè náà ń sá fún.

Iṣẹ́ yìí gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Ó wo orírun àkànlò-èdè náà, ó wo ọ̀nà tí gírámà àti òwe Yorùbá ń gbà ṣe àfiwé, ó sì mú àpẹẹrẹ láti àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, níbi tí àfiwé tí kò gún ti lè pa ènìyàn lára ní tòótọ́: nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè, àti nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Láti inú karawun dé orí àtẹ ọlọ́sàn

Kì í ṣe ọsàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe ẹnìkejì ápù. Nínú àkójọ òwe Gẹ̀ẹ́sì tí John Ray tẹ̀ jáde ní ọdún 1670, ẹran òkun kan tí ń gbé inú karawun, èyí tí wọ́n ń pè ní oyster, ni ó wà ní ipò yẹn. William Shakespeare ti lo irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú eré The Taming of the Shrew, ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ nígbà náà hàn kedere: ọ̀kan ń so lórí igi, èkejì lẹ̀ mọ́ àpáta nínú omi iyọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Nígbà tí ọsàn gba ipò ẹran òkun náà, nǹkan yí padà. Àwọn méjèèjì di èso, àwọn méjèèjì rí roboto, wọ́n sì ń bára wọn jókòó lórí àtẹ kan náà.

Àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì ń fi ápù wé pear, èso ilẹ̀ olótùútù kan, tí kì í ṣe píà ọlọ́ràá tí a ń fi jẹ búrẹ́dì nílẹ̀ yìí. Àwọn ará Serbia kò bá èso lọ rárá. Ìyá àgbà àti ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pa pọ̀, nítorí pé orúkọ àwọn méjèèjì dún bákan náà létí ní èdè wọn. Àwọn ará Romania fi ìyá àgbà wé ìbọn arọ̀jò-ọta. Nínú gbogbo wọn, ti àwọn eléso ni ó rọrùn jù lọ láti já ní koro, nítorí pé èso méjì jọra ju bí ìyá àgbà ṣe jọ ìbọn lọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1995, Scott Sandford, tí ń ṣiṣẹ́ ní àjọ NASA ti Amẹ́ríkà, gbẹ ápù kan àti ọsàn kan, ó lọ̀ wọ́n kúnná, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí yẹ̀ wọ́n wò. Ó jábọ̀ pé wọ́n jọra gan-an ni. Ní ọdún 2000, James Barone tẹ irú ẹ̀fẹ̀ kan náà jáde nínú British Medical Journal, ó sì to àwọn ọ̀nà tí èso méjèèjì fi bára mu lẹ́sẹẹsẹ. Àwàdà ni iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwàdà tí ó ní egungun nínú ni. Kò sí ohun méjì láyé yìí tí a kò lè fi wéra. Ohun tí ó kù ni láti mọ orí kí ni a ti ń fi wọ́n wéra, àti ìdí rẹ̀.

Èso kan, orúkọ méjì

Ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i nígbà tí a bá mú un wọ inú èdè Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ náà, ọsàn, kò dúró síbi tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ó dúró sí. Ọsàn tí a ń bó tí a sì ń mu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni ọsàn mímu. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà, tí ó kan. Ọsàn àgbálùmọ̀ sì wà, àwọn mìíràn a sì máa pe àgbálùmọ̀ ní ọsàn lásán láìfi ohunkóhun kún un. Nínú gbogbo wọn, àgbálùmọ̀ ni onílẹ̀: inú igbó Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀. Àlejò ni ọsàn mímu, tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà rìn wá. Kò sì ṣòro láti gbà pé àlejò ni ó yá orúkọ onílé lò.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Orúkọ tí wọ́n fún àgbálùmọ̀ ni African star apple, èyíinì ni ápù ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ní ìràwọ̀ nínú, nítorí bí kóró rẹ̀ ṣe tò yíká bí ìràwọ̀ nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ là á ní ìbú. Èso kan náà, tí àwọn ọmọdé ń ṣà lábẹ́ igi láti oṣù Kejìlá títí di ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Yorùbá kà á mọ́ ọsàn, Gẹ̀ẹ́sì kà á mọ́ ápù. Ẹni tí ó bá sọ pé ápù àti ọsàn kò lè pàdé láéláé kò tíì jẹ àgbálùmọ̀.

Èyí kì í ṣe àríwísí sí èdè kankan. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ó di apple lónìí ni a ń lò fún èso lápapọ̀. Àmì rẹ̀ ṣì wà lára orúkọ tí wọ́n fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nítorí apple wà ní ìparí pineapple. Faransé náà ń pe pòtétò ní ápù ilẹ̀. Bí Yorùbá ṣe lo ọsàn fún ìdílé èso tí ó gbòòrò náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe lo apple. Ohun tí ó tẹ̀lé e ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń ṣe ìtumọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá ní ohun méjì kì í ṣe irú kan náà, ìpín tí ó wà nínú èdè tirẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé, ìpín èdè mìíràn sì lè má rí bẹ́ẹ̀.

Fi…wé: ta ni òṣùwọ̀n?

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ Yorùbá, àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ àfiwé máa ń mú wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọnà-èdè, iṣẹ́ gírámà ni. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni àsopọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fi àti wé: a fi A wé B. Nínú ìhun yìí, A àti B kò sí ní ipò kan náà. A ni ohun tí a gbé wá fún àyẹ̀wò. B ni ohun tí ó ti wà nílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ti gbà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Bí ìyá kan bá ní, "Ẹ má fi ọmọ mi wé ọmọ yín," ọmọ tirẹ̀ ni ó rò pé wọ́n ń yẹ̀ wò, ọmọ ẹnìkejì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá yí gbólóhùn náà padà, ẹ̀sùn inú rẹ̀ yí padà pẹ̀lú.

Àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àsopọ̀ ni ó máa ń lò, ápù àti ọsàn, bí ẹni pé àwọn méjèèjì dọ́gba níwájú adájọ́. Yorùbá náà ní ọ̀nà tí ó dọ́gba bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá ní a fi A àti B wé ara wọn. Níbi tí ènìyàn bá ti ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín ìhun méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ àfiwé tí kò gún kì í di àfiwé tí kò gún nítorí pé A àti B yàtọ̀ síra. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jókòó ní ipò B nígbà gbogbo.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Nínú Yorùbá, àìní-àfiwé jẹ́ oríyìn. Aláìláfiwé àti aláìlẹ́gbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń yin Ọlọ́run, ọba àti ìyá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn ápù àti ọsàn kò yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń dá ẹjọ́ dúró ni. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá fi "wọn kò ní àfiwé" gbé e kalẹ̀ ti sọ ìbáwí di oríkì láìmọ̀.

Òwe wo ni yóò ṣe é?

Àwọn olùkọ́ máa ń fi "ìka kò dọ́gba" dáhùn kíákíá. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n kò dúró sí ipò yìí. Ìka márààrún jẹ́ irú kan náà, lára ọwọ́ kan náà. Gíga àti kúkúrú ni wọ́n fi yàtọ̀. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti gba àfiwé náà wọlé, ó ti gbà pé ẹnì kan kúrú ju ẹnì kan lọ, ó kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó kúrú ni. A máa ń fi í tu ènìyàn nínú. Kò kọ òṣùwọ̀n náà rárá.

Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni "ẹgbẹ́ ẹja ni ẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀." Ọ̀rọ̀ pàtàkì inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́. Ní àwùjọ Èkìtì, níbi tí ẹgbẹ́ ọjọ́-orí ti ń pín iṣẹ́ ìlú láàárín ara wọn láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ kì í ṣe ìjọra lásán. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní àkókò kan náà ni, tí a sì gbé irú ẹrù kan náà lé lórí. Ẹni tí ó sọ pé "kì í ṣe ẹgbẹ́ mi" ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn yàtọ̀, yálà irú wọn jọra tàbí kò jọra. Èyí jinlẹ̀ ju ti ápù àti ọsàn lọ, nítorí pé èso kò ní ìtàn ìgbésí ayé.

Òwe tí ó gbọ́n jù nínú ọ̀wọ́ yìí, tí a kì í sábà kà mọ́ ọn, ni "bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òwe yìí kò sá fún àfiwé. Ó fi ọmọdé wé àgbà tààrà, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lórí òṣùwọ̀n méjì: lórí aṣọ, wọ́n lè dọ́gba, lórí àkísà, wọn kò lè dọ́gba láé, nítorí pé ọjọ́ ni ó ń sọ aṣọ di àkísà, owó kò lè rà á. Ohun tí àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìkanra sọ, òwe yìí là á yéni. Ó sọ ibi tí àfiwé gún dé, ó sì sọ ibi tí ó ti dẹ́kun.

"Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ" wúlò níbi tí ẹnì kan bá ti fi oǹkà lásán ṣe ìdájọ́. "Ẹni tí ó fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ ọ láṣọ" wúlò níbi tí àkókò ti yí padà. Àwọn òwe mìíràn wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí tó fún iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì lórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn

Kò sí ibi tí ipò B ti le tó nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Ọmọ tí ó dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, tí ó pe ilé ní ulé, tí ó sì pe igi ní ugi, yóò gbọ́ ní kíláàsì pé òun kò lè sọ Yorùbá dáadáa. Ohun tí olùkọ́ náà ṣe ni pé ó fi Èkìtì wé Yorùbá àjùmọ̀lò. Kò sí ẹni tí í fi Yorùbá àjùmọ̀lò wé Èkìtì.

Ìtàn bí èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn míṣánnárì, láti orí ìwé ọ̀rọ̀ ọdún 1843 títí dé Bíbélì odidi tí ó jáde ní ọdún 1884, tẹ̀ sí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ jù lọ. Àpérò lórí àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 fi ẹsẹ̀ ìlànà náà múlẹ̀. Àtúnṣe ọdún 1974 ni a ṣì ń lò dí ọjọ́ òní. Gbogbo èyí wúlò, kò sì sí ìjà nínú níní èdè àjùmọ̀lò. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbàgbé pé àjùmọ̀lò jẹ́ àdéhùn, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ẹni pé òun ni baba tí àwọn ẹ̀ka-èdè yòókù ti yà bàrá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yí ipò padà, kí Èkìtì di B fún ìgbà díẹ̀. Abiodun Adetugbo, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ọdún 1967, fi Èkìtì sí abẹ́ ìsọ̀rí àwọn ẹ̀ka-èdè Àárín Gbùngbùn, pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àǹkóò fáwẹ́lì. Yorùbá àjùmọ̀lò ní fáwẹ́lì àìránmúpè méje. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní mẹ́sàn-án, nítorí pé i àti u pín sí méjì méjì nípa ipò ìdí ahọ́n. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, i àti u kì í kópa nínú àǹkóò, ìdí nìyí tí a fi ń rí orúkọ àti èlùbọ́: o àti e wà níwájú, ọ wà lẹ́yìn, u sì dúró láàárín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ní Èkìtì, ọ ìparí yẹn ń fa gbogbo fáwẹ́lì tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọrúkọ àti ẹ̀lùbọ́, pẹ̀lú u tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí u inú ulé. Bí a bá fi àǹkóò fáwẹ́lì ṣe òṣùwọ̀n, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ń yọ iṣẹ́ sílẹ̀, Èkìtì ni ó ń ṣe é parí.

Ṣé ó wá yẹ kí a sọ pé Èkìtì ni ó dára jù? Rárá. Ìyẹn yóò jẹ́ àṣìṣe kan náà láti apá kejì. Ohun tí àyípadà yìí fi hàn ni pé ipò A ni ó ń sọ ènìyàn di aláìpé, ẹnikẹ́ni tí a bá fi síbẹ̀. Ó sì tún fi ohun kan hàn tí ó le ju ìyẹn lọ: àkọtọ́ Yorùbá kò ní lẹ́tà fún fáwẹ́lì méjì tí Èkìtì fi ju àjùmọ̀lò lọ. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ Èkìtì kò ní ìlà tí ó lè gba ohun tí ọmọ náà ní. Kò sí u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bẹ́ẹ̀ ni ìlú Usi wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú títì, tí a sì ń ka lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ láìsí ìṣòro.

Àríwá Èkìtì fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti ìhà Ìdó àti Ọ̀tùn, níbi tí Mọ̀bà ti ń fẹ̀gbẹ́ kan Ìgbómìnà, rìn dé ìhà Ìkọ̀lé tí ó kọjú sí Yàgbà, yóò gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ iṣẹ́ lórí "Èkìtì" bí ẹni pé ohùn kan ni ń ṣe ohun tí Ọ̀yọ́ ṣe fún wọn, ní ìwọ̀n kékeré.

Ọdún 1948 àti ọdún 2011

Àpẹẹrẹ kejì kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò ka iṣẹ́ yìí. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú yunifásítì mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Ó ní ọgbà ní Ọyẹ́, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹ̀rọ wà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dá dúró ní ọdún 1962, ọdún kan náà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì tí ó wà ní Ifẹ̀. Ọdún 63 ni ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ Ìbàdàn àti ti Ọyẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn òbí, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, Ọyẹ́ ni a máa ń fi wé Ìbàdàn. Tí a bá ka iye ìwé inú ilé-ìkàwé, iye àwọn tí ó ti gba oyè àti iye àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí a tọ́ dàgbà níbẹ̀, àkísà ni a ń kà, kì í ṣe aṣọ. Ẹgbẹ́ Ọyẹ́ ni Lokoja, Lafia, Dutse, Otuoke àti àwọn yòókù tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣe dáadáa, àárín àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ wò. Láàárín Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé pàápàá, kíka iye ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n tí kò kún: oko àti ẹ̀rọ ń béèrè ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ orí pátákó kò béèrè.

Ṣùgbọ́n níbí ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí pé àkànlò-èdè yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó mú. Àwọn tí wọ́n wà ní ipò àṣẹ fẹ́ràn rẹ̀. Bí ará ìlú bá béèrè ìdí tí nǹkan fi ń lọ dáadáa níbòmíràn tí kò lọ dáadáa lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní kò yẹ kí a fi ápù wé ọsàn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òwe aṣọ àti àkísà kò gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì èyíkéyìí, ọjọ́-orí lè jẹ́ àwáwí fún ilé-ìkàwé tí kò tíì kún. Kò lè jẹ́ àwáwí fún èsì ìdánwò tí kò jáde lásìkò, tàbí fún olùkọ́ tí kò wọ kíláàsì. Àkísà ni ti àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ ọjọ́. Aṣọ ni ti èkejì, ọmọdé sì lè ní in lónìí. Ẹni tí ó bá pe gbogbo rẹ̀ ní àkísà ń fi òwe sá pamọ́ ni.

Àpẹẹrẹ ilé-ìwòsàn tún fi èyí hàn. Ìdó ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́-ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, tí àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké lè darí aláìsàn sí. Níbikíbi láyé, ilé-ìwòsàn tí a ń gbé àìsàn tí ó le jù lọ wá bá lè ní iye òkú tí ó pọ̀ ju ti ilé-ìwòsàn kékeré tí ó ti darí aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ burú. Àwọn onímọ̀ ètò ìlera mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wo bí àìsàn ti le tó nígbà tí aláìsàn dé, kí wọ́n tó fi ilé-ìwòsàn kan wé òmíràn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ni wọ́n ń wá.

Bí a ó ṣe lò ó

Fún ògbufọ̀ àti olùkọ́, ohun tí ó tẹ̀lé gbogbo èyí ni pé kò sí gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò gba ipò ápù àti ọsàn níbi gbogbo. Nínú ìtumọ̀ fíìmù, níbi tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, "wọn kì í ṣe ẹgbẹ́" ti tó, ó sì ń ta ni lára dáadáa. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń fi àṣeyọrí àgbà na ọmọdé, òwe àkísà ni. Bí ọmọdé ni ó ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ gbé òwe kalẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Yóò ní "ẹ̀yin àgbà ni ẹ máa ń pa á lówe pé…", kí ó tó sọ ọ́. Àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀; ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni lójú, ògbufọ̀ sì gbọ́dọ̀ rántí èyí nígbà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọmọ tí ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Nínú àròkọ ìjìnlẹ̀, ó sàn kí a fi àlàyé dípò àkànlò-èdè: kí a sọ orí ohun tí àfiwé náà dúró lé, kí a sì sọ ìdí tí kò fi gún.

Níbi tí ohun tí ó yàtọ̀ bá jẹ́ òṣùwọ̀n, tí kì í ṣe irú, ọjà ti ní èdè tirẹ̀ nílẹ̀. Kóńgò ni a fi ń wọn gàárì, ẹ̀wà àti ìrẹsì ní àríwá Èkìtì, bí ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kóńgò kan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú òmíràn: òmíràn jìn, òmíràn ti wọnú ní ìdí, àwọn kan ń wọ̀n ọ́n ní òkìtì, àwọn kan ń fi ọwọ́ gé orí rẹ̀. Bí oníbàárà bá dúró ní ọjà Ìkọ̀lé tí ó ní, "Ìyá, iye tí ẹ pè é yìí ti pọ̀ jù, wọn kò tà á tó bẹ́ẹ̀ ní Adó," ìyá náà kò ní jiyàn iye tí wọ́n ń tà á ní Adó. Yóò gbé kóńgò tirẹ̀ sókè kí oníbàárà lè rí ìdí rẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún yín?"